Ìdáhùn Tí Àlàmú Kọ sí Ọsirélíà

Bí wọ́n bá wá tọrọ ọmọ ẹnikẹ́ni ní àdúgbò Ìsàlẹ̀-Ọ̀yọ́, Àlàmú ni wọ́n máa ń sáré wá bá kó kọ lẹ́tà ìdáhùn. Akọ̀wé kóòtù ni tẹ́lẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ló fi tẹ ìwé ìdájọ́ lórí taipuráítà, nígbà tó sì fẹ̀yìn tì, wọ́n ní kó máa gbé èyí tó ti gbó lọ sílé. Bàbá Akọ̀wé ni tọmọdé tàgbà ń pè é, orúkọ náà sì ń dùn mọ́ ọn nínú ju bó ṣe yẹ lọ.

Iṣẹ́ lẹ́tà ìdáhùn kì í ṣe iṣẹ́ ọmọdé. Ìdílé ọkọ á ti kọ̀wé pé àwọn rí òdòdó kan tó tanná nínú ọgbà yín. Ṣé ẹ máa wá dáhùn pé ó dáa, ẹ wá já a? Àfi ẹni tí ọmọ bá ti sú. Ìdáhùn àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ fà sẹ́yìn díẹ̀. Á ní ọmọ àwa kéré, ọbẹ̀ tó ń sè kò tíì dùn, oorun ló mọ̀ ọ́n sùn. Á dárúkọ àléébù kékeré kan, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lọ́la pé wọ́n tan òun jẹ. Á ní àwọn ọmọ tó dáa jù ú lọ kún ìgboro, ẹ kọ́kọ́ yẹ ilé ibòmíràn wò ná, bí ọkàn yín bá tún gbé yín padà síbí, kí àwọn àgbà yín wá, ká jọ jókòó. Bí ìdílé ọkọ bá ka èyí, inú wọn á dùn, torí wọ́n mọ̀ pé ilé ire ni àwọn wá. Kì í pé ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi ń padà dé pẹ̀lú àgbà mẹ́fà. Àlàmú ti kọ irú lẹ́tà yìí tó ọgọ́rùn-ún, kò sì sí ọ̀kan tí wọn ò padà wá lórí rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. Àwọn ará ìlú míì máa ń fi Ọ̀yọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọ́n á dọ̀bálẹ̀, inú wọn á wà lóòró gangan. Àlàmú kì í bínú sí i. Ó ní ẹni tí kò mọ ọ̀rọ̀ sọ ló máa ń sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fi sílẹ̀ fún un. Mẹ́ta kú kí eléyìí tó dé, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Dúrósinmí. Ìyá rẹ̀, Leah, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, onítẹ̀bọmi tí kì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ. Ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀ níbẹ̀ ni Dúrósinmí gbé tó fi ka ìwé girama. Pápá oníṣìmẹ́ńtì kan wà nílé ìwé náà tí àwọn míṣánnárì Amẹ́ríkà ṣe, òpó irin méjì dúró níbẹ̀, ọ̀kan lápá ìhín, ọ̀kan lápá ọ̀hún, agbọ̀n aláwọ̀n lórí kálukú wọn. Bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ni wọ́n ń gbá níbẹ̀, básíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu àwọn ọmọ ilé ìwé. Dúrósinmí ga débi pé ó ní láti tẹrí ba kó tó lè wọ yàrá bàbá rẹ̀. Ní 1984, òyìnbó kan láti Ọsirélíà tó wá ń kọ́ni ní ìṣirò rí i lórí pápá náà, níbi tó ṣì máa ń wá gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn tó ti jáde ìwé, ó sì kọ̀wé sí ẹgbẹ́ kan nílùú rẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi eré náà jẹun. Oṣù mẹ́ta kò pé tí ọmọ fi wọ bàálù.

Òyìnbó náà kò yà sí Ọ̀yọ́. Ẹgbẹ́ náà kò kọ̀wé sí bàbá. Inú Àlàmú dùn pé ọmọ òun lọ sí òkè òkun, ó tiẹ̀ fi yangàn ní ṣọ́ọ̀ṣì, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé egungun.

"Wọ́n mú ọmọ mi bí ẹni ṣa máńgòrò lẹ́bàá ọ̀nà," ló máa ń sọ fún Nùrẹ́nì, télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ilé rẹ̀. "Wọn ò bèèrè ẹni tó gbin igi."

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1987, ẹ̀jẹ̀ ríru pa Leah. Dúrósinmí wálé, ó sì sin ìyá rẹ̀ bí orúkọ rẹ̀ ṣe ní kó ṣe. Eré ti parí fún ọdún náà lọ́hùn-ún, nítorí náà kò sí ìkánjú pé kó padà. Nígbà tí àwọn tó wá kí wọn kú ọ̀fọ̀ ti lọ tán, tó ku bàbá àti ọmọ nínú ilé tó ti wá tóbi jù fún wọn, Àlàmú bi í ní ohun tí kò bi í rí láti ọdún mẹ́ta.

"Bọ́ọ̀lù mélòó lo máa ń jù sínú àwọ̀n tẹ́ ẹ bá ń gbá a?"

"Méjì, sà. Nígbà míì, ọ̀kan. Nígbà míì, kì í sí rárá."

Àlàmú rò pé ó ń ṣeré ni. "Látìbẹ̀rẹ̀ dópin?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Kì í ṣe torí kí n máa jù ú ni wọ́n ṣe gbé mi lọ. Ará Amẹ́ríkà kan wà níbẹ̀ tó ń jù ú, fọ́tò tiẹ̀ ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara ògiri. Orí bẹ́ǹṣì lèmi máa ń wà. Tí ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá jù nínú ẹgbẹ́ kejì bá wá ń da ẹgbẹ́ wa láàmú, wọ́n á ní kí n dìde. Màá lọ dì mọ́ ọn. Ibi tó bá yà sí, èmi náà á yà síbẹ̀. Á fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi nígbáàyà, mi ò ní kúrò. Tó bá ti rẹ̀ ẹ́, wọ́n á ní kí n padà wá jókòó."

"Ìṣẹ́jú mélòó nìyẹn?"

"Mẹ́jọ, sà. Mẹ́wàá, tó bá pọ̀."

"Ta wá ló ń pàtẹ́wọ́ fún ẹ?"

Dúrósinmí rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Àwọn tá a jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì, sà."

Ojú ti Àlàmú, kò sì fẹ́ kó hàn, àmọ́ ọmọ náà rí i. Ó fọwọ́ ra orúnkún rẹ̀ ọ̀tún, tó máa ń dùn ún nígbà òtútù, ó wá ṣàlàyé bí nǹkan ṣe rí. Òun ti pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Àdéhùn òun ti parí. Àjèjì méjì péré ni ẹgbẹ́ kan lè gbà, kóòṣì sì ti ṣèlérí pé wọ́n á kọ̀wé pe òun fún ọdún méjì sí i. Nínú ọdún méjì náà, wọ́n á máa kọ́ òun ní iṣẹ́ kóòṣì, kí òun lè rí nǹkan ṣe lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ bá kọ̀.

"Tí mo bá rí ọdún méjì yìí gbà, sà, ayé mi ti tò nìyẹn. Tí mi ò bá rí i gbà, ó parí. Wọ́n máa ń wá ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù kiri. Irú tèmi yìí, wọn kì í wá wa lẹ́ẹ̀mejì."

Àlàmú gbọ́ gbogbo rẹ̀. Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn, etí nìkan ló fi gbọ́ ọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Dúrósinmí gba Ògbómọ̀ṣọ́ lọ. Stephen, tí wọ́n jọ gbá bọ́ọ̀lù nígbà tí wọ́n wà nílé ìwé, ti di tíṣà eré ìdárayá níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ni kọ́kọ́rọ́ pápá wà. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni yóò máa gbé, tí yóò máa sáré láràárọ̀, kí ara má baà wúwo. Nọ́ńbà àpótí lẹ́tà bàbá rẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ló ti fún ẹgbẹ́ náà. Ó dọ̀bálẹ̀ kó tó lọ.

"Tí lẹ́tà bá dé, sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi rán awakọ̀ kan lọ́jọ́ náà gan-an."

"Ṣé èmi lo fẹ́ kọ́ ní ọ̀rọ̀ lẹ́tà?" ni Àlàmú wí, ó sì gbàdúrà fún un.

Lẹ́tà náà dé ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kejìlá. Nínú ilé Àlàmú, lẹ́tà ọmọ, lẹ́tà bàbá ni. Ibi tó dúró sí ní pósọ́fíìsì ló ti já a. Akọ̀wé tuntun kan tí ẹgbẹ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà ló kọ ọ́. Ìlà márùn-ún péré. Ó ní àwọn kẹ́dùn ikú ìyá. Ó ní àwọn ṣe tán láti gba Dúrósinmí fún ọdún méjì sí i. Ó ní kí ọmọ náà fúnra rẹ̀ tàbí ìdílé rẹ̀ jẹ́ kí àwọn mọ̀ bóyá ó ń bọ̀, kí oṣù Kìíní tó parí.

Tàbí ìdílé rẹ̀. Àlàmú ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Wọ́n bèèrè! Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, wọ́n wá kan ilẹ̀kùn. Ara bàbá yá gágá débi pé ó gbàgbé kẹrosíìnì tó tìtorí ẹ̀ jáde nílé. Kò fi lẹ́tà náà rán awakọ̀ kankan. Ó ní òun á kọ́kọ́ fèsì ná. Nígbà tí wọ́n bá tún padà kọ̀wé pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀, òun á kó gbogbo rẹ̀ lé ọmọ náà lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó lè mọ̀ pé ọmọ ẹni tó ní ilé ni òun.

Ó nu taipuráítà. Ó ki bébà méjì sí i, ó fi bébà dúdú sáàárín wọn, torí akọ̀wé gidi kì í kọ̀wé láìní ẹ̀dà. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi kọ ọ́. Lọ́jọ́ kẹta, ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù Nùrẹ́nì, ó ka Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sókè, ó sì ń túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe ń kà á lọ. Ó ní àwọn rí lẹ́tà ẹ̀yin ẹni ọ̀wọ̀. Ó ní ọmọ àwọn kéré, ohun tó mọ̀ nínú eré náà kò tó nǹkan, sùúrù ẹ̀yin ni ó gbé e dé ibi tó dé. Ó ní kò yẹ kí ìdílé fi nǹkan pa mọ́ fún yín, orúnkún rẹ̀ ọ̀tún máa ń dùn ún nígbà òtútù. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ tó lágbára jù ú lọ pọ̀ láyé, ẹ kọ́kọ́ wá wọn lọ ná. Bí ẹ bá wá wọn títí, tí ọkàn yín kò kúrò lára Dúrósinmí, kí àwọn àgbà ẹgbẹ́ tún kọ̀wé, ìdílé yóò sì jókòó lé ọ̀rọ̀ náà.

Nùrẹ́nì ti gbé Àpápá fún ọdún mẹ́fà, ó ti ránṣọ fún òyìnbó rí. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì.

"Bàbá Akọ̀wé, ẹ má bínú o. Ṣé ọmọ ọ̀hún fẹ́ lọ àbí kò fẹ́ lọ?"

"Ó fẹ́ lọ."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ ò fi sọ bẹ́ẹ̀?"

"Nùrẹ́nì, nígbà tí wọ́n wá tọrọ Sikírátù ọmọ ẹ, ṣé mo sọ bẹ́ẹ̀ ni?"

"Ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀, sà."

"Ṣé wọn ò padà wá?"

"Wọ́n padà wá." Nùrẹ́nì yí ọwọ́ máṣíìnì lẹ́ẹ̀kan, ó tún dá a dúró. "Ṣùgbọ́n òyìnbó ò mọ ẹ-padà-wá o, sà. Tó bá bi yín ní nǹkan, yẹ́ẹ̀sì tàbí nóò ló ń retí."

"Òyìnbó náà ní baba tó bí i," ni Àlàmú wí. "Òyìnbó náà mọ ilé ire."

Bó ṣe ká lẹ́tà náà pọ̀ nìyẹn, ó sì fi ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ́jísítà kó má baà sọnù. Ì bá dáa kó sọnù.

Nígbà Kérésìmesì, Dúrósinmí wá lo ọjọ́ mẹ́rin. Ó ti fúyẹ́ bí ìyẹ́, ara rẹ̀ le dáadáa. "Lẹ́tà ò tíì dé, sà?" ló bi bàbá rẹ̀ kó tó gbé báàgì kalẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ ẹ ti wà lọ́wọ́ àgbà," ni Àlàmú dáhùn, ojú rẹ̀ ń dán.

Dúrósinmí rò pé Ọlọ́run ni àgbà tó ń wí. Ó ní, "Àmín, sà."

Nígbà tí oṣù Kìíní dé ìdajì, àyà ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ó wá sí Ọ̀yọ́ lọ́jọ́ tí ọyẹ́ mú gan-an, ó ní òun fẹ́ kọjá sí Ìbàdàn lọ tẹ kóòṣì láago. Àlàmú ní kó jókòó. Ó ní kó má ṣe bí ẹni tébi ń pa, ẹni tó bá sáré tẹ̀ lé oníbàárà ló ń ba ọjà ara rẹ̀ jẹ́. Ọmọ náà wo ojú bàbá rẹ̀, ó wo ilẹ̀, ó ní ó dáa, sà. Ó padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn ọmọ tí kì í gbọ́ràn kún ilẹ̀ Ọ̀yọ́ fọ́fọ́, Ọlọ́run ò fún Àlàmú ní ọ̀kan nínú wọn.

Èsì náà dé ní ọjọ́ kẹta oṣù Kejì. Àlàmú kò já a ní pósọ́fíìsì lọ́tẹ̀ yìí. Ó gbé e délé, ó wọ agbádá rẹ̀ kékeré, ó jókòó sórí àga tó máa ń jókòó sí tí àwọn àna bá wá, ó wá fi ọ̀bẹ já a.

Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá fún òtítọ́ tó bá wọn sọ. Wọ́n ní Dúrósinmí kò sọ̀rọ̀ orúnkún náà fún àwọn rí, ó sì dára tí àwọn mọ̀. Bí bàbá ṣe gba àwọn nímọ̀ràn, àwọn ti wá ẹlòmíràn lọ, àwọn sì ti rí i, ọmọ ọdún méjìlélógún ni, ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn. Wọ́n kí ìdílé, wọ́n sì gbàdúrà pé kó dára fún ọmọ náà.

Àlàmú ka lẹ́tà náà títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú, ó ń wá ibi tí ẹ̀bẹ̀ wà. Ó rò pé bóyá ó wà lẹ́yìn ìwé. Ó yí i padà. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ìgbà yẹn ni gbólóhùn tó fi etí nìkan gbọ́ lóṣù Kẹwàá tó wá wọ inú rẹ̀ lọ, tó sì jókòó síbẹ̀. Ká ní bàbá ará Amẹ́ríkà tó ń ju bọ́ọ̀lù ló kọ irú ìwé yẹn, wọn ì bá ti fi wáyà ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àmọ́ ẹni tó ń wá fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ, ta ni yóò bẹ baba rẹ̀?

Ohun tó tún burú jù wá sí i lọ́kàn, ó fẹ́ lé e lọ, kò lọ. Láti ìgbà tí Leah ti kú, ilé náà máa ń dákẹ́ débi tí Àlàmú fi ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin tí ọmọ lò nígbà Kérésìmesì, tó ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀ ní yàrá kejì, ló sùn dáadáa jù láti ìgbà ìsìnkú. Ṣé àìmọ̀kan ló jẹ́ kí òun kọ ọ̀rọ̀ orúnkún sínú lẹ́tà yẹn? Àbí inú òun lọ́hùn-ún ló fẹ́ kí ọmọ dúró? Ẹ̀rù ìbéèrè náà bà á. Ó mú ẹ̀dà lẹ́tà náà kó fi tanná ran sítóòfù, kò lè ṣe é. Ó ká a pọ̀ mọ́ èsì náà, ó kó méjèèjì sápò.

Lọ́jọ́ kejì, ó wọ bọ́ọ̀sì ní Owódé, ó sọ̀ kalẹ̀ ní Takie, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì fẹsẹ̀ rìn dé ilé ìwé náà. Oòrùn ti ń mú. Ó gbọ́ ìró bọ́ọ̀lù kó tó rí pápá. Àwọn méjì ló wà níbẹ̀: Stephen ló gbé bọ́ọ̀lù lọ́wọ́, Dúrósinmí dúró níwájú rẹ̀ nínú aṣọ eré funfun, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì. Wọn ò rí bàbá. Ó dúró sábẹ́ igi kan, ó ń wò wọ́n, torí kò tíì rí ọmọ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ rí láyé.

Stephen sáré yà sọ́tùn-ún, Dúrósinmí ti wà níbẹ̀. Ó yà sósì, Dúrósinmí ti débẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ó tan án, ó ṣe bí ẹni fẹ́ fò, kò fò, ọmọ náà kò fò pẹ̀lú rẹ̀. Kò fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù. Kò wò ó pàápàá; àyà Stephen ló ń wò. Ìgbà mọ́kànlá ni Stephen gbìyànjú láti kọjá, Àlàmú kà á, kò kọjá lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó yá, Stephen ju bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọ̀gá, mo túúbá!" Dúrósinmí ṣì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣì nà síta, bí ẹni tó lè wà bẹ́ẹ̀ dọ̀la.

Àlàmú kò mọ eré náà, àmọ́ ó mọ iṣẹ́ tó dára tó bá rí i. Ohun tó mọ̀ nínú eré náà kò tó nǹkan. Òun ló tẹ ìyẹn sínú lẹ́tà. Òun ló fi ìka ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Dúrósinmí rí i, ó sáré wá, ó dọ̀bálẹ̀ lórí ṣìmẹ́ńtì gbígbóná. "Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ kú oòrùn. Ṣé lẹ́tà dé, sà?"

Àlàmú ti to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ tó gùn, tó ní orí tó ní ìdí. Gbogbo rẹ̀ fò lọ. Ó kàn kó bébà méjèèjì sílẹ̀ fún un. Stephen wo ojú bàbá, ó wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó mú bọ́ọ̀lù, ó sì rìn kúrò níbẹ̀.

Èsì òyìnbó ni Dúrósinmí kọ́kọ́ kà. Lẹ́yìn náà ló wá ka ẹ̀dà lẹ́tà bàbá rẹ̀. Ó kà á tán, ó tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Òógùn kán láti àgbọ̀n rẹ̀ sórí bébà, lẹ́tà tó ti ara bébà dúdú wá kì í le, ibẹ̀ sì ṣú pọ̀. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún jẹ́jẹ́, bí ẹni pé ohun iyebíye ni.

"Mo rò pé wọ́n á tún padà kọ̀wé," ni Àlàmú wí. "Dúrósinmí, mo rò pé wọ́n á padà wá."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ká lọ sí Ìbàdàn nísinsìnyí. Ká tẹ̀ wọ́n láago. Èmi fúnra mi á bá wọn sọ̀rọ̀, màá ní irọ́ ni mo pa."

"Ìjókòó kan ni, sà. Ẹlòmíràn ti jókòó síbẹ̀." Ó ká bébà náà sí mẹ́rin, bó ṣe bá a gẹ́lẹ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà fún bàbá rẹ̀. "Ẹ kọ ọ́ dáadáa, sà. Gẹ̀ẹ́sì ibẹ̀ jinlẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Àlàmú láyà ju ìgbọ̀nwọ́ lọ. Ó fẹ́ kí ọmọ náà pariwo. Ó wá ìbínú lójú rẹ̀, kò rí i.

"Bú mi," ló wí. "Kò sí ẹnikẹ́ni níbí. Sọ ohun tó wà nínú ẹ."

"Èèwọ̀, sà. Ẹ̀yin lẹ bí mi, ẹ ò lè fẹ́ ibi fún mi." Ohùn rẹ̀ tutù bí omi ìkòkò. "Bóyá bẹ́ẹ̀ ló ṣe dáa jù. Ẹ ti rìn jìnnà, sà. Ẹ jẹ́ n wá omi fún yín."

Ó lọ bu omi wá, ó kúnlẹ̀ gbé e fún un. Ó wá oúnjẹ fún un nílé Stephen, ó jókòó tì í títí ó fi jẹ ìwọ̀nba tó lè jẹ. Ó bèèrè Nùrẹ́nì, ó bèèrè àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní Stephen ti ń sọ pé wọ́n ń wá tíṣà eré ìdárayá ní ilé ìwé kan ní Ìrẹsà, òun á lọ wò ó. Ó ní yóò dáa, yóò sún mọ́ ilé, òun á lè máa wá wo bàbá ní ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ọmọ ire sọ ló sọ, kò fo ọ̀kan.

Àlàmú sì mọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Òun ló ti ń fi kọ lẹ́tà láti ìgbà tí kò níye. Ó mọ ohun tó máa ń wà lábẹ́ rẹ̀, ó sì mọ̀ pé ẹni tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọ sọ irú rẹ̀, ó ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ. Leah kì í bá òun sọ ọ́. Tínú bá bí Leah, á la ẹnu, á pè é ní òpònú, wọ́n á sì jọ jẹun alẹ́. Ó fẹ́ràn ọmọ yìí ju ojú rẹ̀ lọ, kò sì mọ ọ̀nà kankan tó lè gbà sọ bẹ́ẹ̀ fún un tí kò ní dà bí lẹ́tà.

Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, Dúrósinmí sìn ín dé Takie. Eruku ọyẹ́ bo gbogbo oríta, kọndọ́ ń kígbe Ọ̀yọ́, Ọ̀yọ́, ó ku ẹnì kan. Ọmọ náà bá a wá ìjókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó fi aṣọ nu eruku orí ìjókòó náà, ó gbé àpò rẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀. Ó wá sọ̀ kalẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku garáàjì pẹ̀lú aṣọ eré funfun náà, àyà rẹ̀ nílẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń dọ̀bálẹ̀ fún àna lọ́jọ́ ìdána.

"Ẹ kú ewu ọ̀nà o, sà. Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ délé láyọ̀."

"Dìde," ni Àlàmú wí. "Ó tó. Dìde, ọmọ mi."

Bọ́ọ̀sì ṣí. Àwọn tó ń lọ tó ń bọ̀ ń yà fún ọkùnrin gígùn tó nà sílẹ̀ ní ojú ọ̀nà, obìnrin kan tó ru ẹrù tiẹ̀ dúró wò ó. Àlàmú yọ orí lójú fèrèsé, ó ń kígbe pé kó dìde, kó jọ̀ọ́, kó mú òkò kó sọ ọ́ lu bọ́ọ̀sì yìí, àmọ́ ẹ́ńjìnnì ń pariwo, kò sí ẹni tó gbọ́ ju ìyá tó jókòó tì í lọ. Ìyá náà ní kó fọkàn balẹ̀, pé ọmọ tó kọ́ra bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n láyé ìsinsìnyí. Nígbà tí bọ́ọ̀sì fi máa yà sí ọ̀nà Ọ̀yọ́, Dúrósinmí kò tíì dìde.